Omi Tó Kù Lórí Èérí Kọfí

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀sùn náà bí wọ́n ṣe kà á sí mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ mi dọ̀tí. Wọ́n ní mo ń ba ẹ̀rọ kọfí olóògbé ọkọ onílé mi jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò lè fún omi kúrò nínú kọfí ẹ̀kúnwọ́ kan, kò tọ́ kí a tún fi yàrá kún yàrá fún un. Èyí tí wọ́n sọ kẹ́yìn yìí ló dùn mí wọra, nítorí pé yàrá tí wọ́n ń wí, ti ọmọ mi ni.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni mo kúrò ní Fìdítì. Bí mo ṣe lọ kò le. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti wọ irú ọkọ̀ òfuurufú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ròyìn rẹ̀ tó. Ohun tí mo fi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Mo fi Àbẹ̀kẹ́, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Bàbá rẹ̀, ọmọ Awẹ́, ti kú nínú ìjàǹbá mọ́tò kí ọmọ náà tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Kò pẹ́ tí mo dé Ìlú Ọba ni ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó ń ṣòwò ní Kánò, bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí ìyá mi pé ilé bàbá lọmọ ń gbé, pé bí ilé-ìwé bá fi máa wọlé fún ọdún tuntun tí mi ò tíì mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ mi, òun yóò wá mú un lọ sí Kánò. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, pẹ̀lú iṣu àti aṣọ tó ń fi ránṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ẹni tó lè gbẹ́nu lé e pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlú tí mo dé sí wà ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ tí wọ́n sì ń sun ún di bíríkì. Mo ti gboyè nínú kẹ́mísírì ní yunifásítì nílé, ilé iṣẹ́ bíríkì sì gbà mí sí yàrá àyẹ̀wò wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí mi, ó kà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó ti lè jẹ́ ayédèrú. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sídìí bésìn, ó ní kí n ṣì máa fọ ìgò ná. Ìgò ni mo fọ̀ títí ọ̀gìnnìtìn fi kọjá. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀sùn tí mo jókòó láti sọ nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́ kéré débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo rí ọsàn nínú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n fi bébà wé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ní Fìdítì, ọsàn máa ń jábọ́ sẹ́bàá títì, ewúrẹ́ á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì bojú wò ó. Mo ra ẹyọ kan. Mo ní kí obìnrin tó tà á fún mi yá mi ní ọ̀bẹ, kí n bó o, kí n mu ún níbẹ̀ bí a ṣe ń ṣe. Ó fà sẹ́yìn. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi náà fà sẹ́yìn. Mo gbé ọsàn sápò lọ sílé, ó sì wà lójú fèrèsé mi títí ó fi bu.

Onílé mi kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ará Ítálì ni, opó tí ọkọ rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ nídìí iná bíríkì látìgbà tí mo ṣì wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Sínyọ́rà, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé àjòjì á mọ ojú àjòjì. Yàrá méjì ló wà lókè ilé rẹ̀. Mo gba ọ̀kan. Èkejì ni mo fẹ́ gbà fún Àbẹ̀kẹ́, nítorí pé àwọn tó máa fún ọmọ náà níwèé ìwọ̀lú ní àfi kí onílé fọwọ́ sí i pé ààyè wà fún un. Mo gbé ìwé náà fún Sínyọ́rà. Ó fi sábẹ́ àwo iyọ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná, ó ní òun á wò ó.

Ilé ìdáná yẹn náà ni ẹ̀rọ kọfí wà. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá láti ìlú wọn. Orí itan ló gbé e lé nínú ọkọ̀ ojú irin títí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin dídán ni, ó rí bí ìkòkò kékeré tó ní apá kan. Omi á wà nínú ìkòkò, iná mànàmáná á mú un hó. Wàá bu kọfí lílọ̀ sínú ajere irin kékeré tó ní ọwọ́, wàá fi há ẹnu ẹ̀rọ. Bí o bá gbé apá ẹ̀rọ sókè, omi gbígbóná á wọlé sórí kọfí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á fi agbára ti omi náà gba inú kọfí kọjá, á sì máa ro sínú ife, dúdú bí aró, pẹ̀lú ìfófòó pupa díẹ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ajere ni èérí, bí èérí ògì. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n dà nù.

Làkúrègbé ti ká Sínyọ́rà níka kò, kò lè tẹ apá yẹn mọ́. Torí náà ó wà nínú àdéhùn yàrá mi pé èmi ni màá máa ṣe kọfí rẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Èmi kì í mu kọfí. Mo gbà á bí ọmọ ilé ṣe máa ń gba iṣẹ́ tí àgbà bá rán an.

Láti ọjọ́ kìíní ni omi ti ń wà lórí èérí mi. Bí mo bá yọ ajere, omi á ti dá rìngbìndìn sórí rẹ̀, èérí á rọ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ bí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà oko. Sínyọ́rà kì í kọ́kọ́ tọ́ kọfí wò. Inú ajere ló ń kọ́kọ́ yọjú sí. Ó ní ti ọkọ òun máa ń gbẹ, pé á jábọ́ lódidi bí ọṣẹ, pé ibẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ ọwọ́ tó mọ́. Á wá ti ìka bọ èérí mi, á sì nu ìka náà mọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀ lójú mi, díẹ̀díẹ̀, kí n lè rí i.

Ohun tó burú ni pé mo gbà á gbọ́. Ìyá mi ń ṣe gàrí. Bí a bá ti rin gbágùúdá tán, a ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó ki àpò bọ àárín igi, a ó dè é, a ó gbé òkúta lé e, omi á sì máa ro jáde. Bí ìyá mi bá fọwọ́ kan àpò kan tó ṣì ń ro nígbà tó yẹ kó ti gbẹ, á ní, “Àpò yìí mà ń sunkún o,” gbogbo ẹni tó wà lágbàlá á sì yíjú sí ẹni tó dì í. Omi la fi ń dá ọ̀lẹ mọ̀ nílé wa. Èmi tí mo ka ìwé dé yunifásítì, nígbà tí obìnrin ará Ítálì yìí sọ̀rọ̀ omi, ohùn ìyá mi ni mo gbọ́.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún kọfí bí ẹni ń fún gàrí. Mo tẹ apá ẹ̀rọ dé ilẹ̀. Mo gbé e sókè, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tún gbé e, mo fi gbogbo ara tì í títí tábìlì fi ń ké. Bí mo ṣe ń fún un tó, bẹ́ẹ̀ ni omi ń pọ̀ sí i. Kọfí náà wá korò. Sínyọ́rà kó o sẹ́nu, ó tu ú sínú bésìn, ó sì yọ ìwé mi kúrò lábẹ́ àwo iyọ̀. Ó gbé e lọ sínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni Jíno máa ń wá, lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ àbúrò ọkọ Sínyọ́rà ni, ó ń ta bàtà ní ìgboro, ó sì fẹ́ gbéyàwó. Yàrá kejì tó wà lókè ni òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń wò lójú. Kò fi pa mọ́. Ó ti wá fi okùn wọn ògiri ibẹ̀ nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ṣe kọfí fún wọn. Bí mo ṣe tẹ apá wálẹ̀ tán báyìí ni Jíno na ọwọ́, ó ní kí òun ràn mí lọ́wọ́, ó fa ajere kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ sín. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò. Ó sín èérí gbígbóná sórí aṣọ tábìlì funfun tí Sínyọ́rà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí ìka rẹ̀ ṣì ń gbọ́ tirẹ̀. Jíno wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, kí n má baà sọ pé mi ò gbọ́. Ó kọjú sí Sínyọ́rà, ó ní, “Àǹtí, ṣé ọwọ́ ìdọ̀tí yìí lẹ tún fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ kún?”

Mo wo Sínyọ́rà. Mo rò pé á dá a lóhùn. Ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu tábìlì, kò gbójú sókè. Ó ní, “Òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́.”

Ó wá sọ fún mi pé bó bá di Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, òun á sọ ẹni tó ni yàrá náà.

Mo ti jẹ ìyà ohun tí mi ò ṣe rí. Bàbá mi, tíṣà ni, nà mí nígbà kan lórí fìtílà tí mi ò fọ́. Nígbà tí òótọ́ jáde pé ológbò ni, kò sọ̀rọ̀. Nígbà oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ló pè mí wá sídìí àwo tirẹ̀, ó sì ti orí ẹja sápá ọ̀dọ̀ mi. Mo jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Mo mọ ohun tó ń sọ, kò sí ọmọ Fìdítì tí kò ní mọ̀ ọ́n. Àgbà kì í bẹ ọmọdé. Á pè é wá jẹun ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé bí mo bá dàgbà, ẹni tó bá ṣẹ̀ mí á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo ti dàgbà wàyí. Mo ti gba oyè. Mo dúró nílé ìdáná onílé, wọ́n ń nu ìdọ̀tí mi kúrò lórí tábìlì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sínú àpótí tẹlifóònù pupa tó wà ní kọ́nà. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn tó ní tẹlifóònù. Ìyá mi á wọ mọ́tò láti Fìdítì pẹ̀lú Àbẹ̀kẹ́, wọ́n á jókòó tì í. Ìyá mi máa ń pariwo bíi pé èmi wà ní òdìkejì odò. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá Àbẹ̀kẹ́ ti wá fúnra rẹ̀, ó ra bàtà tuntun fún ọmọ, ó ní kí wọ́n máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní ọmọ náà bi í bóyá ọsàn wà ní Kánò. Mo bi í pé kí ló fèsì. Ó ní ó sọ pé ó wà.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ kọfí fún un, torí mi ò rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

“Ṣé ò ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa ṣá?”

“Mò ń tẹ̀ ẹ́, Màámi.”

“Gbé òkúta lé e.”

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Wọ́n gbé tẹlifóònù fún Àbẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ní, “Màámi,” ìlà tẹlifóònù sì já. Mo pe àwọn tó ń so tẹlifóònù pọ̀ títí, wọ́n ní ọ̀nà ti dí. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń fi owó irin kan gíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àlá ni mo lá. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ìgò, mò ń wọn omi inú amọ̀. A ó gbé amọ̀ tútù sórí òṣùwọ̀n, a ó gbẹ ẹ́ lórí iná, a ó tún gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí amọ̀ bá tutù jù, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ọwọ́ ta ló pò ó. Ibi tí omi ti wọlé là ń wá. Ìṣù amọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi nígbà tí èrò náà wọ orí mi. Mo dúró gbagidi. Láti ọjọ́ tí mo ti wà nínú ilé yẹn, ìyà omi ni mo ń jẹ, mi ò sì tíì béèrè ẹ̀ẹ̀kan pé níbo ló ti ń wá.

Ọjọ́ tí Sínyọ́rà lọ fi ọwọ́ rẹ̀ han dókítà, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo wálé. Mo ṣe kọfí kan, mo yọ ajere lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bíi ti Jíno: ẹ̀rọ sín, omi kún orí èérí. Mo ṣe òmíràn, kọfí kan náà, ìwọ̀n kan náà. Mo gbé ife kúrò lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan ajere. Mo kàn dúró. Ó ń ro díẹ̀díẹ̀ sínú àwo ìsàlẹ̀, ó ń ro, títí ó fi dákẹ́. Mo wá yọ ọ́. Kò sín. Èérí náà rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti lọ lórí rẹ̀. Mo tún bu kọfí kún ajere ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí àlàfo tó wà láàárín kọfí àti ẹnu ẹ̀rọ lè dín kù. Èyí gbẹ ju gbogbo wọn lọ. Ó jábọ́ bí ọṣẹ.

Mo tọ́ gbogbo wọn wò, bí wọ́n ṣe korò tó. Èyí tí omi kún orí èérí rẹ̀ àti èyí tí mo dúró tì, adùn wọn kò yàtọ̀. Báwo ni yóò ṣe yàtọ̀? Kọfí ti wà nínú ife kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Èyí tó gbẹ jù, òun gan-an ló korò jù.

Àṣé bó ṣe rí nìyí: nígbà tí apá ẹ̀rọ bá dé ilẹ̀, omi díẹ̀ á ṣì wà nínú àlàfo yẹn, ipá á ṣì wà lórí rẹ̀, kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju kó gba inú kọfí kọjá díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó wà ní ilé kọfí iwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní ojú ọ̀nà tí irú omi bẹ́ẹ̀ ń gbà sá jáde. Mo ti máa ń gbọ́ bó ṣe ń ṣe ṣìì nígbà tí wọ́n bá parí ife kan. Ẹ̀rọ inú ilé yìí kò ní. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni. Èmi tí mo sì ń gbé apá sókè léraléra láti fún un, omi tuntun ni mò ń gbà wọlé nígbàkígbà tí mo bá gbé e.

Mo jókòó sórí àga ìdáná, inú bí mi débi pé mo rẹ́rìn-ín. Nílé wa, omi là ń dà nù, èyí tó bá kù nínú àpò là ń jẹ. Níbí, omi ni wọ́n ń mu, èyí tó bá kù nínú ajere ni wọ́n ń dà nù. Mo ti gbé ẹjọ́ gàrí wá jẹ́bi lórí kọfí. Àwọn náà sì gbé ẹ̀rí wọn látinú ohun tí wọ́n fẹ́ dà sínú gárawa. Mo ro ara mi àti Àbẹ̀kẹ́ níbẹ̀: èwo nínú wa ni omi, èwo ni èérí, ta ni wọ́n sì fún jáde lára ta. Mo nu ẹ̀rọ náà títí ojú mi fi hàn nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Jíno wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Sínyọ́rà ti yọ ìwé mi nínú dúrọ́ọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, gègé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan kí wọ́n tó dájọ́.

Jíno ní, “Lọ́yà ti dé.”

Mo ní ẹ̀rọ nìyí, kọfí nìyí, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tó mọ́ ṣe é. Ó dìde, ó ń yangàn. Ó bu kọfí, ó há a, ó gbé apá, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fa ajere yọ. Ẹ̀rọ sín sí i láyà. Èérí dúdú bo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ọrùn dé ìdodo, omi sì wà lórí èyí tó kù nínú ajere bíi tèmi gẹ́lẹ́. Mo fi ìka hàn Sínyọ́rà. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Jíno ní mo ti fọwọ́ kan nǹkan lára ẹ̀rọ kí òun tó dé ni. Sínyọ́rà ní kí wọ́n bá òun mú aṣọ ìnuwọ́ wá. Ẹ̀rí dé, kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀.

Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ṣe tèmi. Mo tẹ apá dé ilẹ̀, mo gbé ife síwájú Sínyọ́rà, mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ajere, mo sì dúró. Ó ń ro, ó ń ro.

Mo rí i tí Sínyọ́rà gbé ife kalẹ̀ láì mu ún. Ọwọ́ mi ló ń wò. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ òun ṣe máa ń dúró, á fara ti tábìlì, á gbé ọwọ́ lé e, á mu sìgá kan tán kó tó yọ ọ́. Ó ní gbogbo ìgbà ni òun ń bá a jà pé ó ń fi àárọ̀ ṣòfò, pé ọ̀lẹ ni. Ó ní kò sọ ìdí rẹ̀ fún òun rí.

Mo yọ ajere. Kò sín. Mo gbọ̀n ọ́n sínú gárawa, èérí jábọ́ lódidi.

Sínyọ́rà na ọwọ́ sí gègé. Ibi tó yẹ kí n dákẹ́ nìyẹn. Ìyá mi ì bá ní kí n dákẹ́. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà ì bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo rí Kánò, mo rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ Àbẹ̀kẹ́. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, “Sínyọ́rà, ojú Jíno lẹ ti sọ pé ọwọ́ mi kò mọ́. Ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.”

Jíno rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i?”

Sínyọ́rà gbé gègé kalẹ̀.

Ìkòkò ẹ̀rọ ń kùn. Mo ń bi ara mi pé irú ìyá wo ló ń fi ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ nítorí gbólóhùn kan. Ṣùgbọ́n mi ò gba ọ̀rọ̀ náà padà. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá máa wá gbé nínú ilé yìí, kò gbọdọ̀ gbé e gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí.

Sínyọ́rà yíjú sí Jíno. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè wọn, jẹ́jẹ́, kò sáré. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo gbọ́ ìyẹn. Ó nawọ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan. Etí Jíno pọ́n, ó fèsì ní gbólóhùn kan, Sínyọ́rà sì gé e kúrò. Jíno gbé kóòtù rẹ̀, ó fi bo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti bàjẹ́, ó jáde láì dágbére.

Mo ní, “Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.”

Ó ní, “Mo ti sọ ọ́.”

Ó fọwọ́ sí ìwé náà. Ìka rẹ̀ kò fẹ́ ká, orúkọ rẹ̀ wọ́ bí ìlà tí aláǹgbá fà sórí eruku. Ó tì í sí mi.

Nítorí náà ẹ̀sùn mi dúró síbẹ̀. Wọ́n bú mi ní èdè tí mo gbọ́, wọ́n dá mi láre ní èdè tí mi ò gbọ́. Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ó ní ọwọ́ mi mọ́, tàbí ó kàn ní kí Jíno lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo ki ìwé náà bọ inú àpòòwé, mo fi sínú báàgì tí màá gbé lọ síbi iṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sọ̀ kalẹ̀ láti ṣe kọfí. Sínyọ́rà ti wà nídìí ẹ̀rọ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá rẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, ó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi eyín pa ètè. Mo sáré sún mọ́ ọn kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Jókòó.”

Mo jókòó. Apá náà dé ilẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kò yọ ajere. Ó gbé ọwọ́ wíwọ́ yẹn lé e, ó fara ti tábìlì, ó ń wo ojú fèrèsé, ó dúró títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ife síwájú mi, kì í ṣe síwájú ara rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó, ó sì ń wò mí.

Mo ti sọ pé èmi kì í mu kọfí. Mo wo ife náà. Orí ẹja ni mo rí.

Mo mu ún tán. Ó korò bí ewúro, nítorí pé apá náà pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó délẹ̀. Ìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ẹ̀bi mi.